Ẹni Tó So Àgbò Mọ́ Òpó Ilé Ìyá Àyìndé

Àgbò kẹta dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Iléyá ọdún 1995 ku ọ̀la. Bí àwọn méjì ìṣáájú ṣe dé lòun náà ṣe dé: kò sẹ́ni tó rí ẹni tó mú un wá. Wọ́n so ó mọ́ òpó ilé Ìyá Àyìndé, ó ti jẹ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ aládùúgbò tán, ó wá ń wo ojú gbogbo wa bí ẹni pé àwa la wá ṣe àlejò rẹ̀.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, Ládépọ̀ lorúkọ mi. Onígbàjámọ̀ ni mí ní Òkókómáíkò, ṣọ́ọ̀bù mi sì kọjú sí ilé náà gan-an. Igbe ni mo gbọ́. Mo rò pé olè ni, mo sáré jáde tòun ti abẹ lọ́wọ́, mo fi oníbàárà mi sílẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í ṣe olè. Ìyá Àyìndé ló kúnlẹ̀ síwájú àgbò, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ̀ mú.

“Ọmọ mi ò kú! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi! Àyìndé ò kú o!”

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Àyìndé jẹ́. Àyìndé Abọ́dúnrìn, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, sójà ẹlẹ́sẹ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wọ ogun tàwọn ti ìbọn léjìká. Kì í ṣe ọ̀gá. Láńsì Kọ́pùrù ni, ilà kan ṣoṣo ló wà lápá aṣọ rẹ̀. Kó tó wọṣẹ́ ológun, télọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ nínú ọjà bárékè Ọ̀jọ́, òun náà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń tún yunifọ́ọ̀mù àwọn sójà ṣe, títí di ọjọ́ tó wọ ọ̀kan wò nínú dígí tí kò fẹ́ bọ́ ọ mọ́. Gbogbo ohun tó bá rán, ó máa ń fi àmì kékeré mẹ́ta parí rẹ̀, bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí yẹ̀pẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ bá a wí títí pé ó ń fi òwú ṣòfò. Kò gbọ́.

Ní ọdún 1990, wọ́n kó wọn lọ sí Làìbéríà láti lọ pẹ̀tù sí ogun. Ó wá sílé lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà. Nígbà tí 1992 ń parí lọ, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun pé ó ti kú sí Mọnrófíà. A ò rí òkú, a ò rí ibojì, bébà olójú-ewé kan la rí. Ìyá rẹ̀ ká bébà náà sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ní Ìmáàmù kankan ò ní tìtorí bébà pe orúkọ ọmọ àwọn mọ́ ti òkú. Láti ìgbà náà, Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe opó, kì í sì í ṣe abilékọ. Ó kàn ń tọ́ Sìkírátù ọmọ wọn ní yàrá kejì, ó ń wo ojú ìyá ọkọ.

Iléyá tó tẹ̀lé lẹ́tà náà ni àgbò àkọ́kọ́ dé. Ọdún tó tẹ̀lé e, òmíràn dé. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló wá gbé ẹ̀rí wá: ohun kan bí àpò kékeré ń fì lára okùn ọrùn rẹ̀, aṣọ sójà ni wọ́n fi rán an, àmì ẹsẹ̀ adìyẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kedere.

Ìyá Àyìndé dìde, wọ́n gbọn eruku lórúnkún.

“Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ. Àwọn oníṣòwò kan ń ti Sẹ̀mẹ̀ lọ, wọ́n á gba Kùtọnu kọjá. Mo máa bá wọn dé Làìbéríà. Ọmọ tó lè rán aṣọ sí àgbò lọ́rùn, ibì kan ló wà.”

“Màmá, ogun ṣì wà níbẹ̀,” Ràbíátù sọ jẹ́ẹ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn.

“Ogun á yà fún mi. Àgbàlagbà ni mí.”

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọ́n. Bàtà kan ṣoṣo tí wọ́n lè wọ̀ rìn ọ̀nà jíjìn, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jábọ́. Èèyàn ti pọ̀ síta, àwọn kan ń kígbe “Alihamudulilai,” àwọn kan ń mi orí. Ìgbà yẹn ni mo rí Màmá Sájẹ́ǹtì tí wọ́n ń bọ̀ láti Ìbà, báàgì bọ́tìnnì wọn ní èjìká.

Felicia Mákindé lorúkọ wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún ó lé ni wọ́n fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, wọ́n ń ta bọ́tìnnì, sípù àti òwú fún àwọn télọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, ẹnu wọn sì mú ju abẹ mi lọ. Wọ́n wo àgbò, wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo ojú Ìyá Àyìndé pẹ́.

“Ìyá Àyìndé, ẹ yá mi ní aṣọ yẹn di ọjọ́ Àìkú.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Tó bá ní Àyìndé wà láàyè, èmi fúnra mi ni n óò gbé ẹrù yín dé Sẹ̀mẹ̀.”

“Tó bá wá ní kò sí láàyè ńkọ́?”

Màmá Sájẹ́ǹtì na ọwọ́. Ìyá Àyìndé tú aṣọ náà fúnra wọn, wọ́n fi sí wọn lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ tuntun fúnni.

*

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Màmá Sájẹ́ǹtì wọ awò ojú wọn, wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí pálí bọ́tìnnì.

“Ládépọ̀, kí lo rí?”

“Aṣọ sójà, mà.”

“Kí lo tún rí?”

“Ìdọ̀tí àgbò.”

“Ọlọ́run á fojú tuntun jíǹkí rẹ. Ẹsẹ̀ adìyẹ mélòó ló máa ń ṣe?”

“Mẹ́ta.”

“Kà á.”

Mo kà á. Méjì pé. Ìkẹta wà létí aṣọ níbi tí wọ́n ti gé e, ìdajì rẹ̀ péré ló kù. Àlùmọ́gàjí ti la àárín rẹ̀ kọjá.

“Ṣé télọ̀ kan wà tó máa fara balẹ̀ ṣe àmì rẹ̀ tán, tó máa wá tún gé e sí méjì?” Wọ́n yí aṣọ náà padà. “Wo òwú ìrán yìí. Ó ti ṣá, oòrùn ti jẹ ẹ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́ bí ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ó ti tó ọdún méjì, mẹ́ta tí wọ́n ti rán an. Àmọ́ ojú ibi tí wọ́n gé yìí, ó mọ́ fínnífínní, òwú aṣọ ò tíì tú. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n gé e. Ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ ìrán, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ gígé.”

“Bóyá Àyìndé náà ló gé e.”

“Bóyá. Fi imú sí ibí yìí.” Wọ́n tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rán aṣọ náà mọ́ okùn. Òwú dúdú ni, ó nípọn, ó le bí wáyà. Mo gbóòórùn ìda àti pọ́líìṣì.

“Bàtà!” ni mo wí.

“Ojú ò ríran, imú ń ríran. Òwú aránbàtà ni. Télọ̀ tó bá ní abẹ́rẹ́ ò ní fi òwú bàtà so aṣọ. Ọwọ́ méjì ló wà níbí, Ládépọ̀. Àyìndé rán an, aránbàtà kan ló gé e tó sì so ó. Kí ló dé tí ẹni tó rán an ò so ó fúnra rẹ̀?”

Wọ́n tún ki ìka sínú àpò kékeré náà. Aṣọ onílọ̀ọ́po méjì ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí pa, òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

“Èyí ló ń dà mí láàmú. Kí ni sójà ń kó sínú irú àpò báyìí? Kò ní okùn, kò ní bọ́tìnnì, ẹnu rẹ̀ ò ṣeé pa dé.”

*

Gbogbo àdúgbò ló ti mọ ẹni tí wọ́n fura sí tẹ́lẹ̀: Gbádégẹṣin tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà lójú títì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wojú Ràbíátù. Tí wọ́n bá bi í nípa àgbò, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, “Ọlọ́run ló ń ṣe é.” A bá a tó ń lẹ táyà.

“Gbádé,” ni Màmá Sájẹ́ǹtì wí, “o kú ìnáwó àgbò.”

“Ẹ ṣé, mà. Ẹ máà jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ káàkiri.”

“Ti ọdún tó kọjá ló wù mí jù. Ìwo méjèèjì yẹn gùn! Èló ni wọ́n ta á fún ọ?”

Gbádégẹṣin nu ọwọ́ lára ṣòkòtò. “Ìwo yẹn ló gbówó lórí, mà. Mo wo ìwo yẹn títí kí n tó mú un.”

“Ọ̀kan ti kán nínú ìwo rẹ̀ kó tó dé. Gbogbo àdúgbò ló rí i. Àwọn ọmọ ń pè é ní Oníwo-kan.”

Gbádégẹṣin gbé irin tó fi ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Táyà ń mí sísísí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Màmá, ẹ máà bínú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé èmi ni. Àwọn èèyàn ló ń sọ ọ́, ó sì dùn létí mi. Ìyá Àyìndé tó máa ń ṣépè fún mi, látìgbà tí àgbò ti ń dé, wọ́n ń dá mi lóhùn tí mo bá kí wọn.” Ó gbójú sókè. “Mo fẹ́ràn Ràbíátù lóòótọ́. Àmọ́ n kò lè fẹ́ ìyàwó ẹni tí wọn ò gbà pé ó ti kú.”

“Ìyẹn ni òótọ́ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ,” ni Màmá Sájẹ́ǹtì wí. “Máa lẹ táyà rẹ.”

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a kọjá sí Alaba Rago, ọjà àgbò. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí nígbà tí Iléyá ku ọ̀la ò tíì rí àgbò. Àgbò ń kan àgbò, èèyàn ń kan èèyàn. Ọ̀kan fi ìwo gbá mi ní ìdí, ẹni tó ni ín wá ń bèèrè ohun tí mo ṣe fún un.

Ohun tí Màmá Sájẹ́ǹtì ti rí tí ojú mi fò ni pé ọ̀dà búlúù kan wà ní ìdí àgbò Ìyá Àyìndé. Olúkúlùkù oníṣòwò ló ní ọ̀dà tó ń fi sàmì sí tirẹ̀. A kọjá pupa, a kọjá dúdú, a kọjá àwọ̀ ewé, a dé ọ̀dọ̀ Málàmù Dàńládì. Gbogbo ìdí àgbò rẹ̀ ló ní ọ̀dà búlúù.

“Mo rántí rẹ̀ dáadáa,” ló sọ. Yorùbá rẹ̀ dán mọ́nrán, ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò ní Èkó. “Ọdọọdún ló ń rà. Láti oṣù kejì ni á ti mú tirẹ̀, á ní kí n máa bọ́ ọ. Àbúrò mi ló ń fà á lọ kí wọ́n tó kírun àárọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí i.”

“Báwo lẹni náà ṣe rí?”

“Orí rẹ̀ ni mo mọ̀, Ìyá. Kì í bọ́ sílẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì Ìjànìkin ló máa ń jókòó sí, èmi ni mo máa ń fa àgbò lọ bá a ní títì. Oníwàhálà èèyàn! Gbogbo oníbàárà mi, ìwo ni wọ́n ń wò. Òun, ẹsẹ̀ ni. Á ní kí n gbé ẹsẹ̀ àgbò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í lọ́jọ́ kan, mo ní, ‘Ọ̀gá, mẹ́rin náà ni, ẹ ti kà á tán.’ Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Ẹni tí kò ní in ló mọ iyì rẹ̀.’”

Màmá Sájẹ́ǹtì dúró gbagidi láàárín àwọn àgbò. Wọ́n fa aṣọ náà yọ láti inú báàgì, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì.

“Òmùgọ̀ ni mí, Ládépọ̀. Èmi tí mò ń ta òwú! Wo ojú ìrán méjèèjì tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí. Kì í ṣe àpò. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni. Wọ́n ká a sókè, wọ́n sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Ta ló nílò ṣòkòtò tí wọ́n rán ẹnu ẹsẹ̀ kan rẹ̀ pa?”

Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó yé mi.

“Ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ tó máa jáde níbẹ̀.”

“Ìdí nìyẹn tí kì í fi bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.”

*

Iléyá kọjá. Ìyá Àyìndé ò jẹ́ kí wọ́n pa àgbò náà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni yóò pa á. Wọ́n ti di ẹrù sínú báàgì kan, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Sájẹ́ǹtì mú mi lọ sí bárékè Ọ̀jọ́. Lẹ́yìn ọjà, lábẹ́ igi máńgòrò kan, a rí sójà kan tí wọ́n mọ̀, Sájẹ́ǹtì Àkànjí, tó wà nínú kọ́ńpìnnì ológun kan náà pẹ̀lú Àyìndé ní Làìbéríà. Ó ń mu mínírà, àmọ́ bó ṣe gbọ́ orúkọ náà, ó gbé ìgò sílẹ̀.

“Télọ̀!” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. “Bí ìbọn bá dákẹ́ báyìí, Télọ̀ á ti mú abẹ́rẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tí bọ́tìnnì rẹ̀ já nínú kọ́ńpìnnì wa. Ó rán àpamọ́wọ́ fún àwọn ọmọ Làìbéríà tó wà ládùúgbò wa, ó kọ́ wọn ní orin Yorùbá tí ẹnì kankan nínú wọn ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò yára níbi ká yìnbọn. Àmọ́ tó bá ní òun ń bọ̀ wá mú ẹ, á wá mú ẹ.”

“Ṣé ó ti kú lóòótọ́?” ni Màmá Sájẹ́ǹtì bi í.

“Mo wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin ín sí. Yẹ̀pẹ̀ pupa, ẹ̀yìn ilé ìwé kan. Ààfáà kan wà láàárín wa tó kírun sí i lára.”

Ìrètí ti ń jẹ èmi náà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀.

“Báwo ló ṣe kú?”

“Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Ní èbúté ni. A ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Ó ti dé ibi tí ewu ò sí, ló bá padà sẹ́yìn. Ẹnì kan ní nǹkan kan ló lọ mú. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́.”

“Àwọn wo ló pàdánù ẹsẹ̀ nínú kọ́ńpìnnì yín?”

“Mẹ́ta ni. Ọ̀kan ti kú. Ọ̀kan wà ní Kàdúná. Ìkẹta ni Ẹ̀hìndé Ògúnjìmí, ọ̀rẹ́ Télọ̀ gan-an. Látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, mi ò mọ ibi tó wọlé sí.”

Bí a ṣe ń jáde ní géètì, mo ní ká lọ sọ fún Ìyá Àyìndé kíá.

“Kí la fẹ́ sọ? Pé ọmọ wọn ti kú? Lẹ́tà ti sọ ìyẹn, wọ́n sì fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n sọ fún wọn pé ó kú, ẹnì kankan ò sọ bó ṣe kú. Ìyá ò lè fi ikú tí kò ní ìtàn sin ọmọ.” Wọ́n yára ẹsẹ̀. “Ọ̀la, Ìjànìkin.”

*

Aránbàtà mẹ́ta ló wà lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì ní Ìjànìkin. Àkọ́kọ́ dìde kí wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé méjì. Ìkejì ń sáré lé ewúrẹ́ tó jẹ awọ rẹ̀. Ìkẹta jókòó sábẹ́ páànù, ọkùnrin abirùn kan tó tó ẹni ọdún márùndínlógójì, igi tó fi ń tilẹ̀ rìn dùbúlẹ̀ lẹ́yìn àga rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀ pé: ẸSẸ̀ KAN MỌ BÀTÀ MÉJÌ.

Màmá Sájẹ́ǹtì yíjú sẹ́yìn, wọ́n fi abẹ mi gé awọ bàtà ara wọn, wọ́n wá ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá a.

“Ẹ bá mi wò ó, ọmọ mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni.”

Ọkùnrin náà wo ojú ibi tó gé, ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, bàtà yín já dáadáa o. Bí ẹni pé abẹ ló já a.”

“O gbọ́n,” ni wọ́n wí.

Ó ki òwú dúdú bọ abẹ́rẹ́, ó fà á lára ìda, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Nígbà tó parí, Màmá Sájẹ́ǹtì gba bàtà, wọ́n gbé e lé orí tábìlì rẹ̀, wọ́n wá fa aṣọ náà jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òwú kan náà. Ọwọ́ kan náà.

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà bí ẹni fẹ́ àtùpà pa.

“Ẹ̀hìndé Ògúnjìmí,” ni Màmá Sájẹ́ǹtì wí jẹ́ẹ́.

“Ṣé ọlọ́pàá ni yín?”

“Mo ti ṣe é rí. Bọ́tìnnì ni mò ń tà báyìí.”

Ó fọwọ́ pa aṣọ náà lára. “Ṣòkòtò yẹn ti gbó. Ìdí rẹ̀ ti ya tán. Mi ò lè sọ ìrán Àyìndé sí ààtàn. Mo ní kí ìyá rẹ̀ ní in, ni mo ṣe rán an mọ́ okùn tí mo ní kí Málàmù so mọ́ àgbò lọ́rùn.” “Èmi ni mo pa á, mà.”

Mo sún sẹ́yìn. Màmá Sájẹ́ǹtì ò mira.

“Ìbọn ta ló ba ọmọ náà?”

“Ti àwọn ọlọ̀tẹ̀.”

“Nígbà náà, ìwọ kọ́ lo pa á. Èyí tó kù, má sọ ọ́ fún mi. Mi ò bí i.”

“Mi ò lè rí ojú ìyá yẹn! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọkọ̀ dé Òkókómáíkò. Mo máa ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń wo ilẹ̀kùn wọn, mo sì máa ń padà.”

“O wà nínú bọ́ọ̀sì tí ò ń wò wọ́n, àwọn náà wà nínú ilé tí wọ́n ń wo ọ̀nà. Ọjọ́ Ajé, wọ́n ń lọ sójú ogun láti lọ wá ẹni tí o mọ̀ pé wọn ò lè rí. Ẹ̀hìndé, àgbò tí o rán sí wọn ló ń lé wọn lọ.”

Ó gbójú sókè lójijì. Ó hàn gbangba pé èyí ò wá sí i lọ́kàn rí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa igi rẹ̀, ó dìde.

*

Ọ̀sán Sátidé ló dé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, ó ti gé irun. Ọ̀dọ̀ mi ló ti gé e, kò yé yíjú wo ilé òdìkejì débi pé mo bẹ̀ ẹ́ kó mú orí dúró. Ìyá Àyìndé jókòó sí ìlóro, Ràbíátù wà lẹ́yìn wọn, Màmá Sájẹ́ǹtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀hìndé fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbà á, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Màmá, èmi ni mò ń rán àgbò. Àyìndé ló máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé Iléyá tí òun bá fi délé, àgbò tí òun máa rà fún ìyá òun, kò ní lè gba ẹnu-ọ̀nà wọlé.”

Ojú Ìyá Àyìndé ò kúrò lójú rẹ̀.

“Nǹkan abúgbàmù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló já ẹsẹ̀ mi. Àyìndé ló pọ̀n mí dé ọsibítù. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Ó rán ẹnu ṣòkòtò mi pa kí afẹ́fẹ́ má baà máa fì í, ó ní bí mo bá délé, kí n máa fi ẹsẹ̀ yẹn kó owó pamọ́. Káfíńtà kan níbẹ̀ gbẹ́ igi yìí fún mi. Àárọ̀ tí ọkọ̀ máa gbé wa, ó tún pọ̀n mí dé èbúté. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Ó sá pẹ̀lú mi dé ẹ̀yìn ògiri kan, kò sí ewu mọ́. Ìgbà yẹn ni mo wẹ̀yìn.” Ó fọwọ́ kan igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Mo kígbe pé, ‘Àyìndé, igi mi!’ Igi lásán, Màmá. Mo ti fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Jókòó síbẹ̀, má bá ẹnì kankan lọ.’ Ó sáré padà. Èmi ni mo rán an.”

Ràbíátù ti bojú. Ìyá Àyìndé tẹ̀ síwájú díẹ̀.

“Igi yẹn ńkọ́? Ṣé ó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́?”

“Mà?”

“Iṣẹ́ tí o rán an. Mo ní ṣé ó jẹ́ ẹ?”

“Ó jẹ́ ẹ, Màmá. Ó jù ú sí mi láti òkèèrè. Mo ti gbá a mú kí ìbọn tó bà á. Òun nìyí.”

Wọ́n na ọwọ́, ó gbé igi náà fún wọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí abíyá Ẹ̀hìndé ti jẹ́ kó dán bí epo, ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Ohùn kan wá jáde lẹ́nu wọn tí n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, títí tó fi di méjèèjì.

“Àyìndé! Ọmọ tí mo bá rán ní iyọ̀, ata ni yóò rà bọ̀. Mo rán an lọ gbé garawa nílé ẹ̀gbọ́n mi, ó dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ológbò. Láti kékeré rẹ̀, kò jẹ́ iṣẹ́ kan fún mi pé rí.” Omijé ń ṣàn dé àgbọ̀n wọn. “Ó jẹ́ ọ̀kan. Ràbíátù, ṣé o gbọ́? Ọkọ rẹ jẹ́ iṣẹ́ kan pé.”

Ràbíátù jókòó ti ìyá ọkọ, wọ́n sunkún wọn pọ̀. Ẹ̀hìndé náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ìyá Àyìndé nu ojú, wọ́n ní irú àlejò wo ni àwọn jẹ́ kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ta ni kò fún un lómi, ṣé ó ti jẹun? Màmá Sájẹ́ǹtì fa etí mi, wọ́n ní kí n lọ gbé àga wá láti ṣọ́ọ̀bù mi, iṣẹ́ àwọn ti parí.

Ọjọ́ Ajé, àwọn oníṣòwò Sẹ̀mẹ̀ lọ láìsí Ìyá Àyìndé. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé, àwọn ará Ọ̀jọ́ wá, Sájẹ́ǹtì Àkànjí mú sójà mẹ́fà wá. Gbádégẹṣin náà wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀hìndé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà. Ìmáàmù gbé ọwọ́ sókè, ó ka orúkọ àwọn tó ti lọ nínú ìdílé náà, bàbá, bàbá ńlá, ó wá dúró, ó bojú wo Ìyá Àyìndé. Wọ́n fi orí dáhùn pé kó pè é.

“Àyìndé Abọ́dúnrìn,” ni Ìmáàmù wí, “kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.”

Gbogbo ẹnu ló gbà á, ṣùgbọ́n àmín ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde.